Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Sítáàtì: Ẹ Kọ́kọ́ Tẹ́tí sí I

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ìnáwó ilé la ó tún jọ sọ. Orí rẹ̀ náà ni mo ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò gbé wa gbà lónìí. Kí ẹni tí kò tíì ní ọkọ̀ má ṣe kọjá lọ o. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tàbí ti ọ̀rẹ́ yín lè kọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù lọ.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ìyá ọkọ mi ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá àti ìró rẹ̀ tó mọ́ jù, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú káàdì ilé-ìwòsàn ní ọwọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀ ọ̀tún. Ojú méjèèjì ni nǹkan funfun tí àwọn dókítà ń pè ní kataráàkì ti ń bò láti ọdún mélòó kan, ọ̀tún ló sì burú jù. Aago méje ni wọ́n ní kí a dé. Nọ́ọ̀sì tó fún wa ní ọjọ́ ti sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá pẹ́, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó yọ. Ọkọ mi wà ní Àbújá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn Akóbọ̀ ni ilé wa wà, ní apá kan Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìgboro, níbi tí takisí kì í dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúnkún Màmá kò sì jẹ́ kí ó lè gun ọ̀kadà.

Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, mo yí i. Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo tún yí i. Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ìró yẹn. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ náà, ìró yìí kan náà ló mú wa ná owó tí a kò múra sílẹ̀ fún. Mẹkáníìkì tó wò ó nígbà náà kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó fi sọ fún mi pé, "Kíìkì yín ti lọ, Màdáámù." A kó owó fún un, ó lọ ra kíìkì tòkunbọ̀, ó dè é, ọkọ̀ sì gbà bí a ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ilé-ìwé àbígbẹ̀yìn wa ló bá a lọ, títí di àárín sáà ni a sì ń bẹ ilé-ìwé pé kí wọ́n ní sùúrù. Nísinsìnyí, kíìkì tuntun wà nínú ọkọ̀, ìró àtijọ́ sì ti padà.

Màmá pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyàwó, kí ló ń ṣe é?"

"Ó kọ̀ ni, mà."

"Tún un ṣe kí n gbọ́."

Mo tún un ṣe. Ó gbé etí sókè díẹ̀, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní, "Ìró ohun tó kú kọ́ nìyẹn. Ohun tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò rí okun ni."

Màmá kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé, inú bọ́lẹ̀kájà ni òun àti ìyá rẹ̀ máa ń wọ̀ láti Ìkirè wá sí Ìbàdàn láti ta dòdò Ìkirè. Ó ti sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe máa ń ki irin gígùn kan bọ iwájú ọkọ̀ ní òwúrọ̀, tí yóò máa fi agbára yí i títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbà. Bí irin náà bá ta padà lójijì, ó lè ṣẹ́ ẹni ní ọwọ́, Màmá sì mọ ọmọkùnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣẹ́. Àwọn èrò inú ọkọ̀ a máa fetí sílẹ̀, wọ́n a sì ti mọ̀ láti inú ìró bóyá àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn yóò gbéra tàbí ọ̀sán. Irin yìí ni ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà kan, Charles Kettering, fi mọ́tò kékeré tó ń lo iná bátìrì rọ́pò, ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà. Mọ́tò kékeré náà ni àwa ń pè ní kíìkì lónìí. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń ṣe: ó ń yí ẹ́ńjìnì títí ẹ́ńjìnì yóò fi lè máa yí fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "kò rí okun" yẹn ló mú mi rántí ohun tó yẹ kí n ti bi mẹkáníìkì ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Rédíò ọkọ̀ àti iná inú rẹ̀ kì í gbà ju áńpù díẹ̀ lọ lọ́wọ́ bátìrì. Kíìkì ọkọ̀ kékeré, ní tirẹ̀, ń bèèrè nǹkan bí 100 sí 200 áńpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹni tó ru igbá kò lè gba bọ́lẹ̀kájà. Bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá dí ibi tí wáyà ti fẹnu kan orí bátìrì, iná tó tó fún rédíò yóò rí ibi kọjá, èyí tó tó fún kíìkì kò ní rí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé, "Bátìrì yín dára, ṣé ẹ ò gbọ́ bí hóònù ṣe ń dún ni?" kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ohun tó sì ń fa kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni pé agbára tó kù tó láti fa irin kékeré kan nínú kíìkì, ṣùgbọ́n kò tó láti yí ẹ́ńjìnì. Bí irin náà bá ti wọlé báyìí, kíìkì yóò fẹ́ gba agbára rẹpẹtẹ, agbára yóò já, irin yóò padà sẹ́yìn, yóò tún wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ ìró yìí, bátìrì àti wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó yẹ kó mú yín fura sí kíìkì ni ìró ẹyọ kan, "kọ́!", tí gbogbo nǹkan sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí iná iwájú ọkọ̀ bá ṣì ń tàn rekete nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́.

Iná iwájú yẹn ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ tí mo mọ̀. Ẹ tàn án, kí ẹnìkan dúró níwájú ọkọ̀ kó máa wò ó, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó jẹ́ pé agbára kò tó, tàbí pé kò rí ọ̀nà gbà. Bí kò bá yí padà rárá tí ẹ kò sì gbọ́ ohunkóhun, ẹ wo jíà. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀màtíìkì kì í dáhùn bí jíà kò bá sí ní P tàbí N. Nígbà mìíràn, ẹ gbé e láti P sí N kí ẹ tún yí i wò. Èyí tó bá jẹ́ bọ́tìnì ni ẹ fi ń ṣíná rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó ti fẹ́ fi ọkọ̀ ńlá wọ́ tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àṣé orí D ni jíà wà. Kò ní jẹ́ kí n dárúkọ òun.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo tan iná, mo yí kọ́kọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ tó wà lára ògiri sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo bátìrì. Ẹtù funfun kan tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú ti hù yí orí kan rẹ̀ ká, bí èbu orí búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo di wáyà náà mú, ó yí mọ́ mi lọ́wọ́. Wáyà bátìrì kò gbọdọ̀ ṣe é fi ọwọ́ lásán yí.

Ẹ jọ̀wọ́, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí pé omi inú bátìrì jẹ́ ásíìdì, ó lè fọ́ ojú, afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń jáde lára rẹ̀ sì lè gbiná. Ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀, ẹ má sì fi iná àbẹ́là wò ó. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Wáyà tó wà lórí àmì àyọkúrò (−) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà sì ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ara ọkọ̀ ni wáyà yẹn so mọ́. Bí ẹ bá ń tú ti àròpọ̀ (+) nígbà tí èkejì ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà sì fi ara kan irin ọkọ̀, iná yóò ta lójú yín. Sípánà nọ́ńbà 10 ló ṣí ti ọkọ̀ wa. Ó wà nínú bùùtù láti ọjọ́ tí a ti rà á, n kò sì fọwọ́ kàn án rí.

Mo wọ ọ̀rá sí ọwọ́, mo po sódà tí mo fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi gbígbóná tí mo ti rọ sínú fúláàsì fún Màmá, mo sì dà á díẹ̀díẹ̀ sórí ẹtù náà. Ó hó, ó yọ ìfófòó, ó ṣàn lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ orí bátìrì àti inú ẹnu wáyà títí irin fi ń dán, mo nù ún gbẹ, mo dè é le. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì gbà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Màmá ń kì mí ní oríkì tí ọkọ mi gan-an kò mọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó rí ìtumọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú. Ríwáyà àgbàlagbà kan ní Àgọdi Gate, nítòsí ọjà Àràrọ̀mí tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ló là mí lójú. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá a ní ọjọ́ Sátidé kó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó bi mí pé, "Ìyá wa, kí mẹkáníìkì tó lè tú kíìkì, kí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú?" Mo ní n kò mọ̀, sà. Ó ní, "Wáyà bátìrì ni. Ó tú u, ó pààrọ̀ kíìkì, ó tún wáyà dè le. Wáyà tó dè le ló wò ó sàn, kì í ṣe kíìkì." Oṣù mẹ́jọ ni ẹtù náà fi tún hù, tí wáyà sì tún fi tú díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo kòtò ọ̀nà wa.

N kò rò pé mẹkáníìkì tiwa fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ó méfò, ọkọ̀ gbà, òun náà sì gbàgbọ́ pé òun mọ ohun tó ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó ti sọ fún ẹlòmíràn láti ìgbà náà pé ìró kẹ́-kẹ́-kẹ́, kíìkì ni. Ohun tí mo bá a wí fún ni pé kò wọn nǹkan kan kó tó ní ká ra nǹkan. Bàbá ríwáyà yìí wọn tirẹ̀. Mítà kékeré kan ló fi kan orí bátìrì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ti wà ní pípa fún wákàtí mélòó kan, bátìrì tó kún dáadáa yóò ka nǹkan bí 12.6 fóòtì, èyí tó bá ka 12.0 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bí kíìkì bá ń yí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́, kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Tí ẹ́ńjìnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.7 sí 14.7, nítorí pé ọtanétọ̀ ti ń dá agbára padà sínú bátìrì. Bí kò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀, bátìrì tuntun tí ẹ bá rà lónìí yóò kú lọ́la. Tiwa kà dáadáa. Ohun tó pààrọ̀ kò ju ẹnu wáyà méjì lọ, àti wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó kíìkì. Mo ti ra mítà tèmi láti ìgbà náà, ọkọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé bátìrì ló ṣófo lóòótọ́, fífọ orí rẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀màtíìkì kò ṣe é tì sítáàtì. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yóò kàn làágùn lásán ni. Ẹ yá agbára lára ọkọ̀ mìíràn. Wáyà tó nípọn tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò, kì í ṣe wáyà iná ilé. Ẹ fi pupa kan àròpọ̀ bátìrì tó ṣófo, kí ẹ fi orí pupa kejì kan àròpọ̀ èyí tó dára. Ẹ fi dúdú kan àyọkúrò èyí tó dára, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi orí dúdú tó kù kan bátìrì tó ṣófo. Irin ẹ́ńjìnì tí kò ní ọ̀dà, tó jìnnà sí bátìrì, ni kí ẹ fi kàn, kí iná tó bá ta má baà bá háídírójìn pàdé. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó dára ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá gbà, ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí ẹ tó pa á.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíákíá, "hùn-hùn-hùn", tí kò kàn gbà. Ẹ fi bátìrì àti kíìkì sílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Epo ni tàbí iná púlọ́ọ̀gì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gééjì epo, ó ń purọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ẹ ó gbọ́ tí pọ́ńpù epo kùn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí kò bá kùn, ẹ yẹ fíúsì rẹ̀ wò. Àwọn Toyota kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ni pọ́ńpù tiwọn ń ṣiṣẹ́. Bí iná kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ kò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀ ni. Ẹ lo èkejì. Epo fúnra rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà wa, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí kíìkì sinmi. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni da bẹntiróòlù sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn. Mo ti rí irun ojú tó jóná nítorí rẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo wà tí mo ti ní kí ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú rárá. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ wọ inú àgbàrá tí ẹ́ńjìnì sì kú sínú omi, ẹ má tún yí kọ́kọ́rọ́. Atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnì ṣe é tẹ̀ pọ̀, omi kò ṣe é tẹ̀ pọ̀. Bí omi bá ti wọlé, irin inú ẹ́ńjìnì ni yóò wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀.

A dé ilé-ìwòsàn ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ṣiṣẹ́ náà ní àárọ̀ yẹn, wọ́n bo ojú Màmá, wọ́n ní kí a padà wá ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ Rú náà, ọkọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ṣí ojú rẹ̀, ó kan oògùn sí i, ó ní kí ó máa lọ. A jáde sí ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Màmá dúró, ó wo ọkọ̀ náà láti orí dé táyà.

"Ìyàwó," ó ní, "àṣé aláwọ̀ ewé ni ọkọ̀ yín? Láti ọjọ́ yìí, dúdú ni mo pè é." Ó tún sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan fa ìlà gígùn lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wo ìka náà. "Ẹ ò sì fọ̀ ọ́."